Àga Tí Olútóyìn Fi Sílẹ̀ Fún Àgbà

Àga kan ṣoṣo ló ṣófo níwájú tábìlì Jason, ejẹ́ǹtì tó ń báni wá ilé ní Woolwich, lọ́jọ́ tí Olútóyìn lọ gba ilé. Àga kejì wà níbẹ̀ o, àmọ́ wọ́n ti kó páálí ìwé lé e lórí, kò sì sẹ́ni tó rò ó láti gbé e kúrò. Olútóyìn ló kọ́kọ́ dé. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe rí Mọ́mì Jeremiah tí wọ́n ń wọlé bọ̀, kò tíì ronú tí ìdí rẹ̀ fi kúrò lórí àga. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àga náà fún wọn, ó wá bọ́ sẹ́yìn, ó dúró ti ògiri.

Ta ni yóò bá a wí? Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ìkirè nìyẹn. Ọmọdé kì í jókòó kí àgbà wà lóòró. Bí àgbà bá sì ti jókòó síbi ọ̀rọ̀, ẹnu ọmọdé ti pa dé, àgbà ni yóò sọ ọ́, àgbà ni yóò gbà á, àgbà náà ni yóò wá yíjú padà tí yóò ní, "Gbà, ọmọ mi." Bí wọ́n ṣe ń gba ìyàwó nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ nìyẹn. Olútóyìn kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn ń gbà gba ohun tó bá tóbi.

Ilé náà sì tóbi lójú rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló gbé e wá sí London, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mojọláolúwa, kí ìjọba tó ní kí àwọn olùtọ́jú má kó ọmọ wọlé mọ́. Opó ni; bàbá ọmọ náà ti sùn kí wọ́n tó kúrò nílé. Yàrá kan ni wọ́n kọ́kọ́ há sí ní Plumstead, nínú ilé onílé, níbi tí wọ́n ti ń pín ààrò lò, tí ọmọ kò gbọdọ̀ sáré, tí Olútóyìn pàápàá máa ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu bí ikọ́ bá ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n wá lọ wo ilé tó wà ní Yarnton Way yìí, yàrá méjì, ilé ìdáná tiwọn, Mojọlá kò wo fèrèsé, kò wo balùwẹ̀. Ìdí ilẹ̀kùn àbáwọlé ló dúró sí, ó ń ṣí i, ó ń tì í.

"Mọ́mì, ṣé àwa nìkan la máa ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀?"

"Àwa nìkan ni," ni Olútóyìn wí.

Ìlérí tó ṣe fún ọmọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, òun náà ló sì ń lé kiri.

Jason kò kọ̀ ọ́. Ó kàn ní kò tíì pẹ́ nílùú, àwọn tó nilé yóò fẹ́ kí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ dúró fún un. Onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wá. Ta ni Olútóyìn ìbá sì lọ bá bí kò ṣe Mọ́mì Jeremiah? Oyinadé ni orúkọ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Ọmọ Ìkirè ni àwọn náà. Lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ọkọ wọn lọ, pẹ̀lú oyún tó ti tó bí nínú, yàrá ìyá Olútóyìn ni wọ́n sá wá. Ìyá Olútóyìn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ara rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n sì bí Jeremiah sí. Olútóyìn kéré nígbà náà, àmọ́ ó rántí omi gbígbóná, ó rántí òórùn ọṣẹ dúdú, ó sì rántí pé ìyá òun kò padà sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn títí tí wọ́n fi kan páànù tuntun sórí ilé Mọ́mì Jeremiah. Mọ́mì Jeremiah fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á fa Olútóyìn mọ́ra. Wọ́n á ní, "Ìyá ọmọ yìí ló bo àṣírí mi."

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní àwọn yóò bá a lọ sọ́dọ̀ ejẹ́ǹtì, Olútóyìn sùn bí ọmọ ọwọ́ lóru ọjọ́ náà.

Jason kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó béèrè pé ta ni ayálégbé. Olútóyìn la ẹnu. Mọ́mì Jeremiah gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, Olútóyìn sì pa ẹnu dé.

"Èmi ni," ni Mọ́mì Jeremiah wí. "Ọmọ mi lẹ̀ ń wò yìí. Òun àti ọmọ rẹ̀ á máa bá mi gbé."

Òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́, Olútóyìn sì gbọ́ òyìnbó. Kò ṣì í gbọ́. Ohun tí ó rò ni pé ọgbọ́n àgbà nìyẹn, pé ọ̀nà tí àgbà ń gbà wọnú igbó kọ́ ló ń gbà jáde. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé wọ́n pe òun lọ́mọ lójú àlejò. Jason gbójú sókè, ó wò ó níbi tó dúró ti ògiri, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Gbólóhùn kan péré ni ìbá gbà á. Àmọ́ ta ni wọ́n bí tí yóò já àgbà nírọ́ lójú òyìnbó, àgbà tó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ wá báni ṣe tiwa? Olútóyìn tẹrí ba, ó ní bí ìyá òun ṣe wí ni.

Bẹ́ẹ̀ ni àgírímẹ́ǹtì ṣe jáde. Mọ́mì Jeremiah fọwọ́ sí i. Nísàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ Olútóyìn àti ti Mojọlá wà, láàárín àwọn tí wọ́n gbà láàyè kí wọ́n máa bá ayálégbé gbé, bí ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ológbò wà nílé.

Nígbà tí wọ́n jáde, atẹ́gùn Woolwich ń fẹ́ gèlè Mọ́mì Jeremiah sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n fi ọwọ́ kan dì í mú, wọ́n fi èkejì gbá Olútóyìn léjìká.

"Bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bá a bá ní ìwọ ni, físà ẹ á máa kọ wọ́n lóminú. Jẹ́ kó pé ọdún kan. A ó padà wá, a ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ sí i. Kí lèmi fẹ́ fi Yarnton Way ṣe?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Olútóyìn mú Mojọlá dání, ó lọ dúpẹ́ oore àná bó ṣe yẹ. Dòdò Ìkirè tí ẹnì kan bá a mú wá láti ilé, tí ó ti ń fi pamọ́ fún ọjọ́ ayọ̀, ló gbé lọ. Ìyá àti ọmọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mọ́mì Jeremiah tú ewé, wọ́n fi ìka méjì mú un wò, wọ́n sunkún díẹ̀ nítorí òórùn ilé. Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́. Títí dòní, Olútóyìn kò lè sọ pé irọ́ ni.

Ọdún náà sì rìn. Owó ilé ń ti ọwọ́ Olútóyìn bọ́ sí ọwọ́ Mọ́mì Jeremiah, láti ọ̀dọ̀ wọn sí ọ́fíìsì ejẹ́ǹtì, kò jáfara rí. Mọ́mì Jeremiah mú kọ́kọ́rọ́ kan, wọ́n ní nítorí àìmọ̀ ni, bí iná bá ṣẹ́ yọ. Mojọlá tọ́ka sí i. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ní àwa nìkan." Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́, pé àgbà kì í ṣe àlejò. Wọ́n máa ń yà wọlé lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ṣí ìkòkò wò, wọ́n á ní ata kò pọ̀, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Olútóyìn fẹ́ràn kí wọ́n máa jẹ ẹ́ tán. Ó fọ gbogbo èbu dúdú tó wà ní ògiri balùwẹ̀ títí tí ó fi funfun, ó kun ún lọ́dà, ó gbin tẹ̀tẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ojú fèrèsé. Ẹni tó ń tún ilé ẹlòmíràn ṣe kì í tún un ṣe báyẹn.

Nígbà tí ọdún ń pé lọ, ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe àlọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ọdún mà ń sáré o." Wọ́n ní ó ń sáré, Ọlọ́run ló ṣeun. Nígbà tó tún yá, ó lọ bá wọn ní ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí: pé àsìkò tí wọ́n ní àwọn yóò lọ kọ orúkọ òun sí àgírímẹ́ǹtì ti tó.

Mọ́mì Jeremiah wo àwọn obìnrin yòókù, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ ọmọ yìí? Ṣé mo ti ń kú lọ ni, tó o fi ń wá ìwé?"

Gbogbo ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín, Olútóyìn náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Ká máa béèrè ìwé lọ́wọ́ àgbà, ká wí fún un pé yóò sẹ́ ló jọ. Kò béèrè mọ́.

Anisah ló tú àṣírí náà. Ọmọbìnrin tó ń bá Jason ṣiṣẹ́ ni, òun ló máa ń wá wo ilé. Ó wá lọ́jọ́ tí Olútóyìn kò lọ síbi iṣẹ́, ó ya fọ́tò yàrá, ó yin balùwẹ̀, ó gba omi mu. Ó ń di báàgì rẹ̀ nígbà tó ní òun gbàdúrà pé kí ìrìn àjò wọn dára.

Olútóyìn béèrè pé ìrìn àjò wo.

Anisah dáwọ́ dúró. Ó fara balẹ̀ báyìí, ó ń wo ojú obìnrin náà bó ṣe ń sọ ọ́. Pé ayálégbé ti wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀. Pé wọ́n ti fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì tuntun, ìyá àti ọmọ. Pé ìyàwó ọmọ náà ń bọ̀ láti Èkó, ibí ni wọn yóò máa gbé. Pé ìyá náà ló sọ pé àwọn ẹbí òun tó wà nínú ilé ń padà sí Nàìjíríà.

"Ta ló ń padà sí Nàìjíríà?" ni Olútóyìn wí.

Anisah so báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Olútóyìn béèrè bóyá ó ṣì ṣeé ṣe kí wọ́n fi orúkọ òun sí i, pé òun ló ń san owó, òun ló kun ògiri. Anisah ní ẹni tó fọwọ́ sí i ni ọ́fíìsì mọ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní òun mà pe Olútóyìn lórí fóònù lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gba ilé, òun bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn ayálégbé.

Nígbà náà ni Olútóyìn rántí. Inú bọ́ọ̀sì ló wà. Ìdáhùn tó fún Anisah, pẹ̀lú ìgbéraga ọmọ tó níyàá, ni pé kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá òun.

Ilé Mọ́mì Jeremiah kò jìnnà sí Nathan Way, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti máa ń kó ẹrù wọ ilé ìkẹ́rùsí. Jeremiah ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí i, ó wo ilẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè láìkí i. Mọ́mì Jeremiah wà lórí àga, wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà lé itan, wọ́n ń ṣà á. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú Olútóyìn, orúnkún rẹ̀ ṣì lọ sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ní bó bá pé ọdún."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, ìyàwó Jeremiah ò tíì rí físà gbà." Wọ́n ju òkúta kan sí ẹ̀gbẹ́. "Oyún wà nínú ẹ̀. Ṣé kí ó wá bímọ sí títì ni?"

"Ìyá mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ bímọ sí títì."

Ọwọ́ Mọ́mì Jeremiah dúró lórí ẹ̀wà. Olútóyìn rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, pé wọn yóò gbé àtẹ kalẹ̀ báyìí, wọn yóò fa òun dìde. Ìrètí yẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró dè é. Ọwọ́ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

"Ìyá ẹ ṣe mí lóore. Mi ò sẹ́. Òun ni mo san, tó o fi gbé lábẹ́ orúkọ mi tọ́dún fi yí po. Ó ti tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ fún wọn pé mò ń padà sí Nàìjíríà."

"Kí lò bá ní kí n wí? Kí n ní mò ń lé ọmọ mi jáde?" Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Tóyìn, má fi ojú yẹn wò mí. O ti jókòó lọ́jọ́ yẹn kí n tó dé. Ṣé èmi ni mo lé ẹ dìde lórí àga ni? Ìwọ lo dìde."

Olútóyìn fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ó dìde, ó rìn jáde láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá. Ilé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló ń rò. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé Mọ́mì Jeremiah rántí àga. Gbogbo àkókò yìí, òun rò pé àgbà kì í ka ìkúnlẹ̀ ọmọdé sí, bí ẹja kì í ti í ka omi sí. Wọ́n kà á sí. Wọ́n ti rí i pé ó dìde, wọ́n ti mọ ohun tó fi sílẹ̀, wọ́n sì jókòó lé e.

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Dádì Adégbóyè, àgbà ìjọ wọn. Dádì tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ohun tí Mọ́mì Jeremiah ṣe kò dára, àmọ́ kí Olútóyìn lọ bẹ̀ wọ́n, kó sì dúpẹ́ fún ọdún tó fi gbé ibẹ̀, bóyá wọn yóò fún un ní àyè díẹ̀ sí i kó lè fi wá ibòmíràn. Nígbà tó ní àwọn tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé sọ pé ọ̀nà lè wà bí òun bá lè sọ tẹnu òun níwájú adájọ́, ojú Dádì yí padà.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ọmọ mi."

Ó fẹ́ ní ọ̀rẹ́ wo ló kù. Kò sọ ọ́. Dádì gbàdúrà fún un, ó ṣe àmín, kò sì lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Kóòtù náà, kò lọ. Ó gbìyànjú láti fojú inú rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń nàka sí obìnrin tí ìyá rẹ̀ dìde fún lórí bẹ́ẹ̀dì, ìka náà kọ̀, kò nà. Mọ́mì Jeremiah mọ̀ pé kò ní nà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó jáde, Mojọlá ló ti ilẹ̀kùn. Ó dì kọ́kọ́rọ́ mú títí wọ́n fi dé ìdí bọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ ló tú ìka rẹ̀. Wọ́n fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọwọ́ wọn ti kún.

Kàfí, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú, tó fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, ló bá a rí yàrá kan àti ibi ìdáná kékeré lórí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Plumstead High Street. Òórùn irun tí wọ́n fi iná jó ń gba ilẹ̀ gòkè, ojú fèrèsé kò ju ìwọ̀n àtẹ lọ. Àmọ́ ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Kàfí ní òun yóò wá dúró fún un gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́, ọ̀fẹ́ ni, kó má wulẹ̀ dúpẹ́.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti lọ gba yàrá náà há. Àga méjì ló wà níbẹ̀ fún àlejò. Olútóyìn jókòó sórí kan, Mojọlá sórí èkejì. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Kàfí tiro wọlé, orúnkún rẹ̀ ti wú nítorí àwọn aláìsàn tó ti gbé kiri láti àárọ̀. Ara Olútóyìn gbéra. Ó di ẹ̀gbẹ́ àga mú lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì jókòó padà.

"Àǹtí Kàfí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kàfí ju ọwọ́, ó ní kí ló fẹ́ bínú sí, ó fara ti ògiri. Mojọlá ti dìde ní tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ó ti kúnlẹ̀ kí Kàfí, ó ti ń fa àga rẹ̀ fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Olútóyìn na ọwọ́, ó gbá a mú ní ọrùn ọwọ́.

"Jókòó."

"Mọ́mì, Àǹtí ló—"

"Mo ní kó o jókòó."

Ọmọ náà jókòó. Kò wo ẹnikẹ́ni. Kàfí gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ó fi èkejì dúró, ó wo ìta láti ojú fèrèsé. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì béèrè pé ta ni ayálégbé.

"Èmi ni," ni Olútóyìn wí. Ohùn rẹ̀ le ju bí yàrá náà ṣe tó lọ.

Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, obìnrin náà sì kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Mojọlá gba ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bọ́ sí títì, ó bi ìyá rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá àwọn nìkan ni.

Olútóyìn ní àwọn nìkan ni. Kàfí ń tiro lọ níwájú wọn láàárín èrò, ó ní òun kò fẹ́ pàdánù bọ́ọ̀sì. Wọn kò yára bá a, ìyá àti ọmọ, nítorí wọn kò mọ ojú tí wọn yóò fi wò ó.